Nígbà Tí Ẹ̀yìnkùlé Ṣì Jẹ́ Erùpẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ nílẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ọjà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí àdàbà àti ológoṣẹ́ máa bà sí ẹ̀yìnkùlé òun, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé oúnjẹ wo ni kí òun rà, abọ́ wo ni kí òun bù ú sí, ibo ni kí òun gbé abọ́ náà kọ́. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 títí di nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé ní Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú, a kì í ra oúnjẹ fún ẹyẹ ìgbẹ́, síbẹ̀ ẹyẹ kún ẹ̀yìnkùlé. Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Ká má parọ́, lílé ni wọ́n ń lé wọn. Èrò tèmi nípa ayé ìgbà yẹn ni pé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe lórí erùpẹ̀ ló ń fa àwọn ẹyẹ náà wá. Nígbà tí iṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀, tí símẹ́ńtì sì bo ilẹ̀, àwọn náà gba ibòmíràn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n padà wá, ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tún ṣe kó tó wá ọkà lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìnkùlé náà dáadáa. Ibi ìdáná wà lẹ́yìn ilé, odó dúró ti ààrò, ilé adìẹ wà lábẹ́ igi, balùwẹ̀ onípáànù wà lápá kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àkìtàn sì wà lópin pátápátá níbi tí ilẹ̀ ilé ti pàdé igbó. Ilẹ̀ gbalasa ló wà láàárín gbogbo wọn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ oúnjẹ ti ń wáyé láti àárọ̀ dalẹ́. Lásìkò ìkórè, wọn a tẹ́ ẹní, wọn a sá àgbàdo, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àti láfún sí i. Lápá Òkè Ògùn, wọn a lu ọkà bàbà nínú oòrùn. Àwọn ìyá a jókòó yín àgbàdo sínú agbọ̀n, wọn a fi atẹ fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ a gbé ìyàngbò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, hóró tó fọ́ a sì jábọ́ sídìí àpótí tí wọ́n jókòó lé. Wọn a sẹ́ ògì, èèrí rẹ̀ a di ti ewúrẹ́ àti adìẹ, èyí tí ẹnu wọn ò bá kó a wà nílẹ̀. Kò sí èyí tí kì í da nǹkan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, ohun tó ń dà sílẹ̀ náà ò sì pọ̀ tó ohun tí èèyàn máa torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n ẹyẹ gan-an ni.

Ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń jẹ tirẹ̀. Àdàbà kì í fẹsẹ̀ walẹ̀. Ńṣe ló ń rìn jẹ́jẹ́, tí orí rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀, tó ń ṣa hóró tí ojú rẹ̀ bá rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá dé ibi omi, á ti ẹnu bọ̀ ọ́, á máa fà á mu láì gbórí sókè, nígbà tí adìẹ gbọ́dọ̀ wojú ọ̀run kí omi tó lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ológoṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí orí rẹ̀ rí bí eérú, ìdí odó àti ẹ̀bá ààrò ni tirẹ̀, níbi tí ẹ̀rún oúnjẹ ti ń já bọ́. Ẹyẹ tíńtín kan tún wà tí akọ rẹ̀ máa ń yọ ìrù dúdú lásìkò òjò, ìrù tó gùn ju ara ẹni tó ni ín lọ. Òun ní tirẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta erùpẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí èso koríko tí erùpẹ̀ bò lè yọ síta. Ẹlúlùú ò bá ti ọkà wá rárá. Ẹ̀bá àkìtàn ló ń rìn sí, tata, ìgbín kéékèèké àti ọmọ alángbá ló ń wá. Kò sí abọ́ kan tí wọ́n lè gbé kọ́ igi tí yóò tẹ́ gbogbo àwọn wọ̀nyí lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìnkùlé tẹ́ wọn lọ́rùn nítorí pé kò rí bákan náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Ẹni tó mọ ayé ìgbà yẹn lè dá mi lóhùn pé ẹ̀yìnkùlé tí mò ń ròyìn yìí mọ́ tónítóní, pé àràárọ̀ làwọn ọmọ ilé ń fi ọwọ̀ gbá a kí oòrùn tó yọ, débi pé ipa ọwọ̀ a máa hàn lórí ilẹ̀ bí ìlà. Bí wọ́n bá ń gbá a tó bẹ́ẹ̀, kí ló wá kù fún ẹyẹ? Ìbéèrè gidi nìyẹn, èsì rẹ̀ sì ló mú kí n gbà pé ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ gbígbá ni ẹyẹ tó ń jẹ nílẹ̀ fẹ́. Hóró kan ṣoṣo a máa hàn lórí rẹ̀, ológbò ò sì lè yọ́ wá láì jẹ́ pé wọ́n rí i, bẹ́ẹ̀ ni òjìji àṣá a tètè hàn lórí ilẹ̀ tí kò sí ohun tó bò ó. Ohun tí wọ́n gbá, wọn ò gbé e jìnnà. Etí àkìtàn ni wọ́n ń dà á sí, níbi tí yóò ti jẹrà, tí ìdin àti ekòló yóò sì gbà á. Àwọn ẹyẹ kan tún máa ń fi erùpẹ̀ gbígbẹ wẹ̀ kí kòkòrò ara wọn lè dínkù, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ àti ọwọ̀ ti sọ di lẹ́bú-lẹ́bú ló sì dára fún irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti òkúta wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹyẹ tó ń jẹ hóró kò ní eyín, inú iwe rẹ̀ ni òkúta kéékèèké ti ń bá a lọ oúnjẹ. Àwọn àgbà tó wí pé adìẹ ń jẹ àgbàdo, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó lóun ò léyín, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò. Símẹ́ńtì kò ní òkúta kankan tí ẹyẹ lè ṣà níbẹ̀.

Kí ló wá dé? Ohun tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ni pé àwa èèyàn la pa ẹyẹ tán. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín ìlú, mi ò gbà pé òun ni olórí ìdí. Owó epo rọ̀bì dé, àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ní 1975, ilé kíkọ́ sì di ohun tí gbogbo ayé ń lé. Ní ọdún yẹn kan náà ni símẹ́ńtì tí ìjọba àpapọ̀ rà lókè òkun, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, dí ojú omi Èkó pa. Ọkọ̀ ojú omi tó ju 400 lọ tò kalẹ̀ tí wọn ò ráyè já ẹrù ní Àpápá. Mi ò sọ pé símẹ́ńtì inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi tẹ́ ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ tilẹ̀ dì gbagidi síbi tó wà. Ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ọkàn ìlú wà hàn. Ẹni tó ní kọnkéré lẹ́yìn ilé di ọ̀làjú, ẹni tó ṣì ní erùpẹ̀ di ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó. Nígbà tó yá, íńtálọ́ọ̀kì dé, ó sì parí iṣẹ́ tí kọnkéré bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò kan náà, iṣẹ́ ń kúrò lẹ́yìn ilé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta gba iṣẹ́ ọlọ àti ti odó, ògì di ohun tí à ń rà nínú ọ̀rá, ẹ̀gúsí bíbó la ń bá lọ́jà, sítóòfù gaasi sì gbé ìyá kúrò nídìí ààrò lọ sínú ilé. Àkìtàn pàápàá yí padà. Ọ̀rá àti ike ló kún inú rẹ̀ báyìí, ìdin ò sì lè jẹ ike.

Kí a má baà rò pé àárò ayé àtijọ́ ló ń sọ mí, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ka ẹyẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1925, onímọ̀ ẹyẹ kan, Max Nicholson, ka ológoṣẹ́ tó wà nínú ọgbà ìlú tí wọ́n ń pè ní Kensington Gardens ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí 2,603. Ní 1948 tí wọ́n tún un kà, 885 ló kù. Ní ọdún 2000, ẹyọ 8 péré ni. Ohun tó kúrò ní títì Lọ́ńdọ̀nù láàárín ìṣirò kìíní àti èkejì ni ẹṣin. Ẹṣin tó ń fa ẹrù máa ń jẹ ọkà nínú àpò tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́nu, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń dà á nù, hóró tí ikùn rẹ̀ kò sì lọ̀ tán ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ológoṣẹ́ ń jẹ nínú iṣẹ́ oníṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe ń jẹ nídìí odó. Mọ́tò dé, hóró sì tán nílẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn le ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ṣàlàyé, àwọn onímọ̀ sì dárúkọ ohun púpọ̀, láti orí àìsí kòkòrò tí àwọn ọmọ ẹyẹ ń jẹ dé orí ológbò àti èéfín ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí ohun kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń fún ẹyẹ lóúnjẹ, nínú ọgbà ilé wọn àti nínú ọgbà ìlú yẹn gan-an. Búrẹ́dì àti hóró tí wọ́n ń fọ́n kò dí àlàfo náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: àgbà ológoṣẹ́ lè fi hóró gbé ẹ̀mí ró, ṣùgbọ́n kòkòrò ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pa á, kòkòrò kì í sì í wá látinú àpò oúnjẹ ẹyẹ.

Àtakò tó lágbára jù lọ tí mo mọ̀ ni ti ẹni tó nawọ́ sí wáyà iná tó ní, ẹ wo àdàbà lókè níbẹ̀, ta ló sọ fún yín pé wọ́n lọ? Òtítọ́ ni. Àdàbà pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Ó mọ ojú ọjà, ó mọ ìdí ẹ̀rọ ìlọta, ó mọ ibi tí àwọn alágbàdo ń já ẹrù sí. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí a ń dárúkọ: ọjà, ẹ̀rọ ìlọta, ibi ìjárù. Ibi tí iṣẹ́ oúnjẹ àti hóró dídànù kó lọ ni ẹyẹ tẹ̀ lé e lọ, ìyẹn sì ti àlàyé mi lẹ́yìn ju bó ṣe ta kò ó lọ. Àwọn tí kò lè gbé ọjà ni wọ́n jìnnà sí wa. Olongo tó ń jẹ èso eéran kò rí eéran tó so mọ́ nínú àdúgbò tí wọ́n ti ń fọ́n oògùn apakoríko sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àparò tí àwọn baba wa ń wò lórí ebè, tí wọ́n fi ń sọ pé kan ò ga ju ọ̀kan lọ, oko ẹ̀yìn odi ló ń gbé nígbà yẹn, ilé ti wá bo oko ẹ̀yìn odi. Ti igún ló dunni jù. Ẹyẹ tó ń rìn kiri àkìtàn àti ibi ìpẹran bí onílé, a kì í sábà rí i nílùú wa mọ́, láti 2015 ni wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ àparun jù lọ lágbàáyé. Èèyàn ló pa ti igún, mo gbà. Májèlé àti oníṣòwò orí ẹyẹ ló ṣe é. A ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí, síbẹ̀ a bá orí rẹ̀ lórí àtẹ.

Àwọn àgbẹ̀ náà á fẹ́ bá mi jà. Ọ̀tá ni ẹyẹ jẹ́ sí wọn, wọ́n á ní. Lóko ìrẹsì, odidi ọjọ́ ni ọmọdé fi ń kígbe lé ẹ̀gà, tòun ti kànnàkànnà lọ́wọ́, ẹ̀gà tó bá sì ya wọ oko àgbàdo tútù kì í jẹ díẹ̀. Ta ló wá yẹ kó máa pe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ wálé? Mi ò ní sọ fún àgbẹ̀ pé ohun tó rí kọ́ ló rí. Àmọ́ ẹyẹ tó gun ṣírí ìrẹsì lóko yàtọ̀ sí ẹyẹ tó ń ṣa ohun tó ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Hóró tó ti wọ erùpẹ̀ ti kúrò nínú ìṣirò onílé. Kódà ẹ̀gà tí à ń bú yìí, ó ní iye ọjọ́ tó fi ń kó kòkòrò lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́, èso koríko tí àwọn ẹyẹ kéékèèké sì ń jẹ mọ́lẹ̀, koríko tí ọkọ́ kò ní í bá ní ọdún tó ń bọ̀ ni. Ẹni tó ní oko ìrẹsì sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, kó má tẹ́ ọkà fún ẹyẹ. Ẹni tó ní fúláàtì ní Bódìjà kò ní ìrẹsì kankan tí ẹ̀gà máa jẹ.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ni mi ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Àrùn fúlúù ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 wọ Nàìjíríà ní 2006, àwa la sì kọ́kọ́ ní in ní gbogbo Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ẹni tó ń sin adìẹ, tó tún ń pe ẹyẹ ìgbẹ́ wá bá wọn jẹun pọ̀, ń dá ọ̀nà ewu sílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kó yan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí àìsàn ṣe ń ràn láàárín ẹyẹ, abọ́ ni ẹ̀rí náà dá lẹ́bi ju ilẹ̀ lọ. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láti bí 2005 sí 2006, àrùn ọ̀fun kan wọ àárín ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní greenfinch, ó sì mú kí iye wọn lọ sílẹ̀ gidigidi láàárín ọdún díẹ̀. Itọ́ ló ń tàn án, ibi tí ẹyẹ púpọ̀ ti ń tẹnu bọ oúnjẹ àti omi kan náà ló sì dára fún un jù. Ẹ̀yìnkùlé àtijọ́ kò kó ẹyẹ jọ báyẹn. Hóró kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, oòrùn ń ràn án, wọ́n sì ń gbá a láràárọ̀. Bí a bá fẹ́ yàgò fún àìsàn, bí ìyá wa ti ń da hóró nù láì mọ̀ ló yẹ kí a kọ́.

Ejò àti eku ló kù, ẹ̀rù wọn kì í sì í ṣe ti ojo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́ ẹ̀yìnkùlé nítorí wọn. Ohun tó ń pe eku ni oúnjẹ tó sùn nílẹ̀, ohun tó sì ń pe ejò ni eku àti igbó tó dí. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo ní fún àwọn èèyàn kò ju báyìí lọ: kí wọ́n hú íńtálọ́ọ̀kì níwọ̀n ẹní kan tàbí méjì níbi tí oòrùn ti ń dé, kí wọ́n da erùpẹ̀ àti yanrìn gbígbẹ sí i, kí wọ́n sì máa gbá a. Ẹ̀kúnwọ́ kan jéró, ọkà bàbà tàbí àgbàdo fífọ́ ti tó láàárọ̀, kí wọ́n fọ́n ọn káàkiri. Bó bá kù dọ̀sán, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, ọjọ́ kejì kí wọ́n dín in kù. Àgbàdo gbígbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa láró, májèlé ni, kò gbọdọ̀ débẹ̀. Omi inú àwo tí kò jìn, kí wọ́n máa dà á nù kí wọ́n sì fọ àwo náà lójoojúmọ́. Ẹ̀fọn nílò bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin rẹ̀ tó di ẹ̀fọn, kò ní rí i. Ní igun kan, kí wọ́n jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ àti eéran gbó kó so, láì fọ́n oògùn sí i. Igi kúkurú tàbí òdòdó kan dára níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ilẹ̀ náà, kí ẹyẹ lè sá síbẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn jù, ológbò ló máa lúgọ síbẹ̀. Lásìkò tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú kí èso koríko hù tán, tí tuntun ò sì tíì so, ìgbà yẹn ni ọkà náà wúlò jù.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí igba ènìyàn ń gbé yóò bi mí pé ẹ̀yìnkùlé wo ni mò ń sọ. Ó jàre. Ọ̀pọ̀ ilé ìsinsìnyí kò ní ju ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ògiri méjì lọ, ibẹ̀ sì ni jẹnẹrétọ̀ wà. Ibi tí ẹ̀yìnkùlé kó lọ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ gbalasa ṣì wà, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń jẹ́ kó jẹ́ erùpẹ̀, wọ́n ń gbá a láràárọ̀, oúnjẹ sì ń já bọ́ sílẹ̀ nígbà ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kì í ṣà. Bí agogo bá ti lù tí àwọn ọmọ wọlé, ẹ lọ wò ó, àdàbà ló máa ń gba pápá. Ohun tó kù láti ṣe níbẹ̀ kò gba owó: kí wọ́n fi koríko etí ọgbà sílẹ̀ kó so kí wọ́n tó bẹ́ ẹ, kí wọ́n sì gba kànnàkànnà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tó bá ń dá owó láti fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ ibi ìtò àárọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó náà tún páànù òrùlé ṣe.